Mo Fi Ṣíbí Ayé Àtijọ́ Àwọn Òyìnbó Jẹun fún Oṣù Mẹ́fà: Ohun Tí Ọwọ́ àti Ẹnu Mi Rí

Ọ̀rọ̀ ìsàmì ló fà á. Wọ́n fẹ́ ṣe ìsàmì ọmọ ọ̀rẹ́ mi níbí ní Birmingham, èmi ni wọ́n sì fi ṣe bàbá ìsàmì. Àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ fún mi pé láyé àtijọ́ nílẹ̀ England, ṣíbí fàdákà ni bàbá àti ìyá ìsàmì máa ń fún ọmọ. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ gan-an á fún un ní odidi mẹ́tàlá: ère Jésù wà lórí ọ̀kan, ère àwọn àpọ́sítélì méjìlá sì wà lórí àwọn yòókù, Pétérù mú kọ́kọ́rọ́ dání, Áńdérù gbé àgbélébùú rẹ̀. Owó mẹ́tàlá kò sí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíbí kiri, kò sì pẹ́ kò jìnnà tí márùn-ún fi wà nílé mi: ti pewter, ti ìwo, ti igi, ti fàdákà, àti ọ̀kan tí wọ́n pè ní fàdákà tí kì í ṣe fàdákà. Mi ò kó wọn sínú àpótí dígí. Mo fi wọ́n jẹun.

Pewter ni mo kọ́kọ́ rà, £18. Irin rírọ̀ ni pewter, tin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ni àwọn tí kò lágbára àtira fàdákà fi ń ṣe ṣíbí àti àwo. Tèmi kì í ṣe ojúlówó ti àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ òde òní ló ṣe é ní àwòkọ ṣíbí England ti nǹkan bí 1500. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n dà á sínú ohun ìdàrọ́ tó pín sí méjì, bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà gan-an, tí ẹ bá sì fi èékánná ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó kan ilà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹ̀yà méjèèjì ti pàdé. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ní igun mẹ́fà, èso igi óákù kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Ibi tó ń bu oúnjẹ, tí mo máa pè ní ikùn ṣíbí, dà bí èso ọ̀pọ̀tọ́ tí a là sí méjì: ó fẹ̀ níwájú, ó sì ń tín-ín-rín bọ̀ wá síbi ọwọ́. Òdì kejì ṣíbí tí gbogbo wa ń lò lónìí ni.

Ìwájú tó fẹ̀ yìí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti gbogbo ikùn rẹ̀ bọ ẹnu, ọbẹ̀ sì ṣàn gba igun ẹnu mi méjèèjì. A kì í ti ṣíbí yìí bọ ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ń gbé sí ètè, kí a rọra fà á mu. A kì í fi orí ìka mú ọwọ́ rẹ̀ bíi bírò náà, gbogbo ìka ni a fi ń gbá a mú. Ìgbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àsáró ọkà bálì àti ewébẹ̀, èyí tó jẹ́ oúnjẹ àwọn mẹ̀kúnnù Yúróòpù nígbà náà, ni mo rí i pé oúnjẹ tó ki báyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ṣíbí yìí fún. Fọ́ọ̀kì kò tíì dé ọwọ́ wọn nígbà yẹn. Ṣíbí àti ọ̀bẹ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń gbé tirẹ̀ kiri lọ síbi tó bá ti fẹ́ jẹun.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì nípa pewter. Àkọ́kọ́, iná: kò tó 250°C tó fi ń yọ́. Mo gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, nígbà tí mo padà dé, ìwájú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ bí àbẹ́là. Èkejì ṣe pàtàkì jù: òjé wà nínú púpọ̀ nínú pewter àtijọ́, òjé sì ń ba ara jẹ́. Tí ẹ bá rí ojúlówó ti àtijọ́ lọ́jà, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Ti òde òní tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní òjé ni kí ẹ fi jẹun.

Ti ìwo ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì retí bẹ́ẹ̀. £12 péré ni. Ní Scotland, ìwo màlúù àti ti àgbò ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fi ooru rọ ìwo náà, wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun ìtẹ̀ onígi, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kò mọ̀ pé ó mú nǹkan dání. Tí ẹ bá gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí oyin wà nínú ìgò. Kì í gba ooru. Màmá mi wá kí wa ní oṣù kẹta, mo fi ṣíbí yìí fún wọn mu ògì láìsọ nǹkan kan. Wọ́n mu ún tán, wọ́n yí ṣíbí náà wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n fi ṣe èyí? Kò jó mi létè rárá.” Mo ní ìwo màlúù ni, Mọ́mì. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò gba òmíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó dára fún ẹyin sísè pẹ̀lú, nítorí imí ọjọ́ tó wà nínú ẹyin máa ń sọ fàdákà di dúdú, kò sì lè ṣe ìwo ní nǹkan kan. Ẹ má ṣáà rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ má sì fi sínú ẹ̀rọ ìfọ̀wo, torí ooru tó tẹ̀ ẹ́ náà ló máa tú u.

Ti igi wá láti Wales, igi sycamore ni, èyí tí kì í fi adùn tirẹ̀ sínú oúnjẹ. Òun ni wọ́n fi ń mu ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cawl. Ó dára, ó kàn nípọn lẹ́nu díẹ̀. Ẹ má ṣì í mú fún ṣíbí ìfẹ́ wọn o. Ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbẹ́ fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú ọkàn, kọ́kọ́rọ́, ẹ̀wọ̀n àti bọ́ọ̀lù nínú àgò, gbogbo rẹ̀ láti ara igi kan ṣoṣo. Èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans nítòsí Cardiff ní ọdún 1667 lára. Wíwò ni tirẹ̀.

Ó wá ku fàdákà. Kí ẹ tó náwó lé e, ó yẹ kí ẹ mọ bí ìrísí rẹ̀ ṣe yí padà. Nígbà tí Charles Kejì, ọba England, padà sórí ìtẹ́ ní 1660, àṣà ilẹ̀ Faransé bá a wọlé: wọ́n yọ ère orí ṣíbí kúrò, wọ́n tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n la orí rẹ̀ sí mẹ́ta bí ewé, wọ́n sì fi ilà fàdákà gígùn kan tó yọ sókè bí ìrù eku ti ẹ̀yìn ikùn rẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ikùn náà di bí ẹyin, tí ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín wá bọ́ síwájú. Ọwọ́ pẹrẹsẹ yìí ló jẹ́ kí àtàǹpàkò rí ibi jókòó sí. Tèmi jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Hanoverian, ti nǹkan bí 1750, £85 ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n jẹ́ kí n fi gíláàsì ìmú-nǹkan-tóbi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Orí rẹ̀ tẹ̀ sókè. Ìdojúdé ni wọ́n ń gbé e sórí tábìlì, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà orúkọ fi wà ní ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀kan lókè fún orúkọ ìdílé, méjì nísàlẹ̀, ti ọkọ àti ti ìyàwó. Mo máa ń ronú nípa tọkọtaya náà nígbà tí mo bá ń nù ún. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ lápá kan, nítorí ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń há àwo láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wúwo, ó sì tóbi ju ṣíbí ìjẹun tiwa lọ. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ dùn ún fi jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí irin tó ń gbé ooru bíi fàdákà. Tí ẹ bá tì í bọ inú ògì gbígbóná, kíá ni ọwọ́ rẹ̀ á gbóná.

Òǹtẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Láti 1300 ni òfin ti ní kí wọ́n lu orí àmọ̀tẹ́kùn mọ́ fàdákà tó pé, kìnnìún tó ń rìn sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1544. Fàdákà tó pé túmọ̀ sí ìdá 925 nínú 1000. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, torí fàdákà nìkan rọ̀ jù. Lára ṣíbí ìgbà tèmi, nítòsí ikùn ni òǹtẹ̀ náà wà, ó sì máa ń fún pọ̀ nítorí òòlù tí alágbẹ̀dẹ fi tún ọwọ́ náà ṣe lẹ́yìn òǹtẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ìdákọ̀ró ni ti Birmingham níbí, láti 1773.

Ẹ̀karùn-ún ló dùn mí. Mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tà á kọ ọ́ pé “fàdákà Victoria”, £40. Nígbà tó dé, lẹ́tà EPNS ló wà lẹ́yìn rẹ̀, irin tó pọ́n bí idẹ sì ti ń yọjú níbi tí ara rẹ̀ ti hó. Àdàlù bàbà, nickel àti síǹkì ni irú rẹ̀, tí wọ́n fi iná mànàmáná bò ní fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìlú yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Elkington, tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1840. Iṣẹ́ gidi ni, òun ló jẹ́ kí ṣíbí tó ń dán dé ilé àwọn tí kò lè ra fàdákà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a fà á kó tó dá owó mi padà.

Tí ẹ bá dé British Museum ní London, ẹ béèrè ṣíbí eyín erin tí àwọn agbẹ́gilére Ìbíní gbẹ́ fún àwọn Potogí ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ikùn wọn fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, ẹyẹ àti ẹranko sì ń gun ọwọ́ wọn lọ sókè. Mo dúró síwájú wọn pẹ́. Àwọn ọlọ́lá Yúróòpù, títí dé ìdílé Medici ní Florence, ní irú rẹ̀ nínú ìṣúra wọn, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú wọn ń fi igi jẹun.

Ọmọ ìsàmì mi gba ṣíbí fàdákà tuntun kékeré kan, ìdákọ̀ró Birmingham wà lára rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fín lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn bíi ti àtijọ́. Màmá mi gbé ti ìwo padà lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n fi gèlè wé e sínú báàgì ọwọ́ wọn. Mo ti ra méjì mìíràn.