Iṣẹ́ wọn mọ́, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń dà á sí

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún àwọn onítáńkà tó wá fa soakaway ilé wa ní Ajílósùn, l'Adó-Èkìtì. Àsìkò tí wọ́n dá ni wọ́n dé. Ẹ̀rọ wọn lágbára, ó fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tó ti dì sísàlẹ̀ pátá, wọ́n sì bu omi fọ ojú ilẹ̀ kí wọ́n tó ká rọ́bà wọn. Owó wọn ò ga wá lára.

Ọ̀rọ̀ bà jẹ́ nígbà tí mo bi awakọ̀ wọn pé, "Ọmọ mi, ibo lẹ ń gbé e lọ?" Ó ní, "Màmá, ààtàn ni o. Orí pàǹtírí la máa dà á lé." Àyà mi já.

Pàǹtírí ilé, èèpo iṣu, ewé mọ́ínmọ́ín, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ti lómi tirẹ̀ lára. Bójò bá tún gba àárín rẹ̀ kọjá, omi dúdú tó ní ammonia (kẹ́míkà tó ń rùn bí ìtọ̀) àti iyọ̀, nígbà mìíràn òjé pàápàá, á máa sun jáde lábẹ́ rẹ̀. (Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn kọjá lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án mọ ohun tí mò ń wí.) Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yọ májèlé inú omi yẹn, ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ni májèlé bí òjé sábà máa ń bá lọ. Tí wọ́n bá máa dá ẹrẹ̀ ọ̀hún padà sórí ààtàn, wọ́n á kọ́kọ́ fún omi ara rẹ̀ kúrò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti soakaway tó jẹ́ olómi. Òfin Yúróòpù ti ọdún 1999 ka ẹ̀gbin olómi léèwọ̀ lórí ààtàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á bu díẹ̀ nínú ẹ̀gbin náà sínú asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ọ̀dà. Bí ẹ̀kán kan bá ro jáde láàárín ìṣẹ́jú 5, ó ṣì lómi jù nìyẹn. Omi tá a bá dà lé òkìtì pàǹtírí lè mú kó ya lulẹ̀, ìyókù á sì wọlẹ̀ lọ bá kànga àwọn èèyàn. Erùpẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ ààtàn tí awakọ̀ yẹn ń wí, wọn ò tẹ́ ọ̀rá tó nípọn kankan síbẹ̀ tó máa dá omi náà dúró.

Mo pe ọ̀gá wọn. Mo ní kí wọ́n tẹ́ yanrìn lé òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa sá ẹ̀gbin náà lé e títí á fi gbẹ, kí omi tó bá ro sì ní kòtò tirẹ̀ tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Ó ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Mo sọ fún un pé tí wọ́n bá ṣe é, màá fowó kún un.