Ìyẹ̀fun iyùn yìí dáa, àpò rẹ̀ ni mo bínú sí

Iyùn tí ọba ń kó sọ́rùn kọ́ ni mò ń sọ o. Tèmi ṣì wà láàyè, nínú táǹkì onílítà 180 ní pálọ̀ wa ní Peckham. Ẹranko ni, kálísíọ̀mù àti KH (ìyẹn kábọ́nétì) inú omi ló fi ń kọ́ egungun rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni méjèèjì ń tán.

Mo ra ìyẹ̀fun alápò méjì yìí, kálísíọ̀mù lọ́tọ̀, KH lọ́tọ̀, ní pọ́ùn 24 láti fi dá wọn padà, ó ti pé oṣù márùn-ún. Ó ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, KH mi máa ń já láti 8.6 sí 7.2 láàárín ọjọ́ méjì péré. Ní báyìí, 8.3 ni mò ń bá a ní gbogbo Sátidé, kálísíọ̀mù sì wà ní mílígíráàmù 425 nínú lítà kan.

Nígbà tí ìyá mi rí ìyẹ̀fun KH lórí WhatsApp, wọ́n ní, "Ṣé kaun lo ń fún ẹja jẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò jìnnà sí òótọ́, ẹbí kan náà ni. (Ẹ má da kaun ọjà sí táǹkì o, ìdọ̀tí inú ẹ̀ pọ̀.)

Lọ́jọ́ kan tí mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mo da méjèèjì sójú kan náà. Kíá lomi funfun bí omi ògì. Wọ́n ti gbá ara wọn mú, wọ́n di bí ẹfun, wọ́n jókòó sísàlẹ̀. Owó mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, KH láàárọ̀, kálísíọ̀mù lálẹ́.

Ìwé inú ẹ̀ ní kí n máa da ìdérí kan sí lítà 100 lójúmọ́. Táńkì ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Ẹ yẹ KH yín wò lónìí àti lọ́la, iye tó lọ ni kí ẹ dá padà. Tèmi gba nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin ìyẹ̀fun KH lójúmọ́. Tí KH bá fi 1 lọ sílẹ̀, kálísíọ̀mù bíi mílígíráàmù 7 péré nínú lítà kan ló bá a lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dà bíi pé kálísíọ̀mù ò dín rárá.

Àpò kálísíọ̀mù wá ńkọ́? Kò ṣe é pa dé. Ìyẹ̀fun yẹn sì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́; kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi di òkúta, ọmọ odó ni mo fi fọ́ ọ. Tó bá ti mu omi báyẹn, orí òṣùwọ̀n, omi lẹ ń wọ̀n mọ́ ọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo kọ̀wé sí wọn nípa àpò náà, wọ́n ní kí n máa tọ́jú ẹ̀ síbi tó gbẹ. Ní London, nínú oṣù kọkànlá!