Òtẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn tàbí ìgbafẹ́ ọjọ́ kan: èwo ni kí iléeṣẹ́ fi ṣe oníbàárà lálejò ní Ilé-Ifẹ̀?

Báńkì ń ṣe é, iléeṣẹ́ abánigbófò ń ṣe é, àwọn tó ń ta oògùn fún ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà ń ṣe é. Tí ọdún bá ń lọ sópin, tàbí tí iṣẹ́ ńlá kan bá parí, wọn a kó àwọn oníbàárà wọn jọ, wọn a ṣe wọ́n lálejò. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni owó irú àlejò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá lọ. Àwọn kan á gbé gbogbo ẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan á háyà gbọ̀ngàn, wọ́n á wá olóúnjẹ, ẹni tó ń ṣe ibi ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ àti olórin fúnra wọn. Àwọn mìíràn á kó ìwọ̀nba èèyàn jáde fún ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Ohun kan ni mo fi ń wọn gbogbo wọn. Àsìkò tí ọ̀gá iléeṣẹ́ máa fi jókòó ti oníbàárà ẹ̀ ni ọjà tí ẹ ń rà. Ìrẹsì wà nílé oníbàárà. Ohun tí kò sí nílé ẹ̀ ni kí màníjà tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló ti ń gbóhùn ẹ̀ wá jókòó tì í fún wákàtí kan, kó gbọ́ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ nínú òwò tí wọ́n jọ ń ṣe. Ètò tó bá gba wákàtí yẹn mọ́ ọ̀gá náà lọ́wọ́ ti wọ́n jù, bó ti wù kí owó ẹ̀ kéré tó.

Owó tí wọ́n pè àti owó tí ẹ máa san

Orí ni òtẹ́ẹ̀lì ń kà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò ẹ̀. Ká ní wọ́n pe orí kan ní ₦20,000, tí ẹ sì ń retí ọgọ́ta èèyàn: ₦1,200,000 nìyẹn. Tí òtẹ́ẹ̀lì bá fi owó ìtọ́jú (service charge) ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di ₦1,320,000. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí ìjọba àpapọ̀ ti ń gbà láti oṣù Kejì ọdún 2020, á sì gbé e dé ₦1,419,000. Ibi tó ti ń dun iléeṣẹ́ jù kò tíì dé o. Iye orí tí ẹ ṣèlérí lẹ máa san, kì í ṣe iye orí tó yọjú. Tó bá jẹ́ èèyàn méjìdínlógójì péré ló wá, oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lé ní ₦37,000.

Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ bi wọ́n bóyá VAT àti owó ìtọ́jú ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo gan-an ni ẹ ò ní lè dín iye èèyàn kù mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ohun mímu wọlé láti ìta, ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n máa gbà lórí páálí kọ̀ọ̀kan, torí òtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ ló ń gba owó lórí ẹ̀.

Owó gbọ̀ngàn fúnra ẹ̀ kì í sábà dẹ́rù bani. Àwọn nǹkan kéékèèké tó so mọ́ ọn ló ń wúwo: owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, owó àwọn tó máa gbálẹ̀, owó ẹ̀ṣọ́, àga, tábìlì, yìnyín, àti dísù. Lórí dísù, ẹ má gba "jẹnẹrétọ̀ wà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ béèrè ẹni tó máa ra dísù, wákàtí mélòó ló máa fi ṣiṣẹ́, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí jẹnẹrétọ̀ náà bá kọ̀. Ní ti oúnjẹ, àǹfààní gbọ̀ngàn ni pé ẹ lè bá olóúnjẹ dúnàádúrà lórí kúlà dípò orí, tí ohun tó bá ṣẹ́ kù sì jẹ́ tiyín. Bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, gbọ̀ngàn ló máa ń rọ àpò lọ́rùn.

Iyán

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí níbi oúnjẹ ni ìyàtọ̀ ti ń tètè hàn. Òtẹ́ẹ̀lì mọ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ dín. Ìwọ̀nyẹn kì í bínú tí ètò bá pẹ́. Iyán ni ìdánwò. Oníbàárà tó bá jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, tàbí Ìjẹ̀ṣà tó ti Iléṣà wá, iyán ló máa fi mọ̀ bóyá ẹ kà á sí. Èyí tí wọ́n gún láàárọ̀, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí wọ́n kó sí kúlà, tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, omi á ti sẹ̀ sí i lára, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti le, ọwọ́ á kàn máa já a bí búrẹ́dì àná. Olóúnjẹ tí ẹ mú fúnra yín lè gbé odó wá sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí àwọn agúnyán má bẹ̀rẹ̀ títí àlejò á fi jókòó, kí abọ́ sì dé iwájú èèyàn tòun ti ooru ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, èmi á fi ṣáájú gbogbo àwọn yòókù, kódà bí owó ẹ̀ bá fi díẹ̀ lé.

Ta ni yóò gbé wàhálà náà?

Níbí ni owó tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà ti ń tọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa pè tí nǹkan ò bá lọ déédéé. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ̀yin lẹ máa pe oníyìnyín, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ kiri, ẹ̀yin náà lẹ máa bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jà nítorí mogbọ́-moyà. Ifẹ̀ sì nìyí. Tí ohùn ìlù bá ti jáde sí títì, àwọn tí ẹ ò pè á dé, wọ́n á sì wọṣọ ju àwọn tí ẹ pè lọ. Tí iléeṣẹ́ yín ò bá ní ẹni tí ẹ lè yọ̀ǹda fún ètò náà nìkan ní odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má pa gbọ̀ngàn náà tì, àmọ́ ẹ sanwó fún ẹni tó ń fi ètò ayẹyẹ ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ yìí lé màníjà lọ́wọ́. Màníjà tó ń sáré lọ wo jẹnẹrétọ̀ ò lè jókòó ti ẹnikẹ́ni.

Nǹkan mìíràn tó ń pa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni sípíkà. Gbọ̀ngàn ń fa báńdì, báńdì ń fa ariwo, olóòtú ètò á tún lo wákàtí kan láti dárúkọ àwọn èèyàn ńlá tó wà níjókòó. Mo fẹ́ràn orin púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ oníbàárà kọ́ ni ọjọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá gba báńdì, kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kó sì kìlọ̀ ṣáájú nípa owó níná. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífi náírà sí olórin lórí àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fídíò tí wọ́n bá yà lọ́jọ́ náà, àmì iléeṣẹ́ yín ló máa wà lára ògiri lẹ́yìn wọn.

Ìgbafẹ́ ọjọ́ kan

Tó bá jẹ́ owó tèmi, tí àwọn tí mo fẹ́ gbà lálejò ò sì ju méjìlá lọ, ibí ni mo máa ná an sí. Bọ́ọ̀sì kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́bàá Ààfin Ọọ̀ni, tó ti ṣílẹ̀kùn láti ọdún 1954. Kí ẹni tó ń mú àlejò yí ká sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Láti ibẹ̀, ẹ gba Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn lọ, òkúta tó ga tó nǹkan bíi mítà márùn-ún àbọ̀, kí ẹ tó lọ jẹun. Tí ẹ bá fẹ́ kí Kábíyèsí láàfin, lẹ́tà ló ń ṣáájú ẹsẹ̀.

Àwọn tí ara wọn yá lè kọjá Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí òkè, ìpele méje. Iléṣà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí Ifẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ ò le fún àgbàlagbà. Ìgókè tó kù gba ẹsẹ̀ tó dájú àti bàtà tí kì í yọ̀, nígbà òjò sì rèé, ẹ má tilẹ̀ dábàá ẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ìgbafẹ́ ni pé inú bọ́ọ̀sì àti lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń jáde, kò sí sípíkà, kò sí tábìlì ọlọ́lá. Àléébù ẹ̀ ò farasin: ẹni kẹtàlá á gbọ́ pé ẹ lọ láìpe òun, inú ẹ̀ ò sì ní dùn. Torí náà ẹ jẹ́ kó ní ìdí tí ẹ lè sọ jáde, bíi àwọn tó ti bá yín ṣòwò pẹ́ jù lọ.

Tí oníbàárà yín bá ń jẹun lábẹ́ ìjọba

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ńlá ní Ifẹ̀ ló jẹ́ òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tàbí ti ilé ìwòsàn ẹ̀, tó ní ẹ̀ka ní Iléṣà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n lójú òfin. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ní òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ gba nǹkan tàbí àǹfààní kankan nítorí iṣẹ́ tó ṣe tàbí tí kò ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ó tún lọ síwájú: tí iléeṣẹ́ oníṣòwò tàbí ẹni tó ń gba kọ́ńtíráàtì ìjọba bá fún un ní ẹ̀bùn, òfin á gbà pé ó ti ṣẹ̀ títí ó fi máa fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá sì fún un níbi ayẹyẹ gbangba, ilé iṣẹ́ tó ṣojú fún ló ni ín.

Ẹ fi èyí wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí dókítà kan sùn mọ́jú pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ lórí owó yín ló wúwo jù. Oúnjẹ ọ̀sán ní gbọ̀ngàn, tí ẹ fi lẹ́tà pe gbogbo ẹ̀ka nípasẹ̀ ọ̀gá wọn, ló fúyẹ́ jù. Ìgbafẹ́ wà láàárín. Ó yẹ kí ìpàdé iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí ẹ bá sì ń du kọ́ńtíráàtì lọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ sún gbogbo ẹ̀ di ìgbà mìíràn. Iléeṣẹ́ tó bá ní olú iléeṣẹ́ ní Ìlú Ọba tún mọ̀ pé òfin wọn lórí rìbá, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2011, lè tẹ̀ lé wọn dé Ifẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fi oníṣòwò lọ́kàn balẹ̀ nígbà náà pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má mú oníbàárà lọ wo tẹ́nìsì ní Wimbledon. Kó ṣáà mọ níwọ̀n ni.

Ọjọ́ tí ẹ máa mú, àti bí ẹ ṣe máa sanwó

Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni ń dé adé Ààrẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá. Ìlú kún nígbà náà, yàrá wọ́n, ọkọ̀ ò rìn. Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá á gbádùn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀. Fún àwọn yòókù, ẹ sá fún Sátidé, torí òkú àti ìgbéyàwó ti gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ dára.

Ẹ pín owó sí mẹ́ta: apá kan láti di ọjọ́ mú, apá kan nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ ra ọjà, èyí tó kù lẹ́yìn tí àlejò bá ti jẹun. Inú àpò ìfowópamọ́ tó ń jẹ́ orúkọ òwò wọn ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Olóúnjẹ tó bá fẹ́ gba gbogbo owó ẹ̀ kó tó ra ẹran, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ bá oníbàárà ẹ̀ méjì sọ̀rọ̀. Tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.