Líìgì tàbí ife ẹ̀yẹ: èwo ni kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré gbájú mọ́?

Ní ti owó, líìgì ló ń jẹ owó jù. Eré 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú NPFL, líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, ìdajì rẹ̀ sì ni ti àjò: ẹni tó bá gbéra ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Maiduguri yóò sanwó epo, òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ odidi ikọ̀. Ìpínlẹ̀ ẹni ni Federation Cup, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, kò sì sí ìrìn àjò jíjìn títí ẹgbẹ́ fi máa yege níbẹ̀.

Ní ti ewu, líìgì ń dárí jini. Bí ẹ fìdí rẹmi lónìí, ẹ lè rí i gbà padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ife ẹ̀yẹ kò mọ àánú: aṣọ́lé ṣe àṣìṣe kan, ó parí. Ṣùgbọ́n líìgì náà ní ìjìyà tirẹ̀, torí ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń já bọ́ kúrò nínú NPFL.

Èrè ife ẹ̀yẹ ló ń wú mi lórí jù. Lọ́dún 2021, Bayelsa United, tó wà ní ìpele kejì nígbà náà, fi pẹnáritì borí Nasarawa United ní àṣekágbá, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ dé Confederation Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Líìgì ni Remo Stars gbà lọ́dún 2025 kí wọ́n tó lọ sí Champions League ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹgbẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù púpọ̀, tí owó oṣù ń wọlé déédéé, kó gbájú mọ́ líìgì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń bẹ̀rù jíjá bọ́. Ẹgbẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò pọ̀, tó ní aṣọ́lé tó mọ pẹnáritì í mú, kó lọ jà fún ife.