Ẹ̀rọ awárin tí mo rà nítorí òrùka màmá mi

Ìdérí ìgò 21 ni ẹ̀rọ yìí mú mi hú jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá rí irin tàbí wúrà nínú ilẹ̀, á dún, á sì kọ nọ́mbà. Mo tò wọ́n sórí ìborùn mi, mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ta ẹ̀rọ yìí fún mi. Òun ló sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Mọ́mì, tó bá ti kọ 50 sókè, wúrà ni." Irọ́ ni!

Òrùka wúrà tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mò ń wá. Ibi tí mo ti ń ṣan ẹsẹ̀ ọmọ mi ló ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ní etí òkun Gberefu, ní òdìkejì ọ̀sà Badagry. Bí mo bá ti sún mọ́ ibi tí omi ń dé, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ ariwo, nọ́mbà á máa fò láti 12 dé 80, kò sì ní sí nǹkan kan nílẹ̀. Mo pe ọ̀gá, mo ní kó gba ọjà rẹ̀. Ó ní ẹrù tí wọ́n bá ti tú paálí rẹ̀ kì í padà, ló bá gé fóònù mọ́ mi létí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pè mí pẹ̀lú fóònù ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé orí iyanrìn tútù ni ẹ wà?" Ó ní omi iyọ̀ máa ń gbé iná, ìyẹn ni ẹ̀rọ fi ń rò pé irin ni. Ó ní kí n dín agbára rẹ̀ kù, kí n máa gbé orí rẹ̀, abala ìsàlẹ̀ tó ń wá irin, sókè sódò lórí iyanrìn títí ariwo á fi rọlẹ̀. Ó ní kí n fì í láti apá kan, kí n yí ká, kí n tún fì í láti apá kejì. Ohun tó bá dún bákan náà níhà méjèèjì ni kí n gbẹ́. Irin tó ti dípẹtà sábà máa ń dún lápá kan, kó dákẹ́ lápá kejì.

Ó ní kí n yá òrùka wúrà ẹlòmíràn, kí n jù ú sílẹ̀, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ 52. Mo gbé etí agolo mọ́ọ̀tì, èyí tí a máa ń fà ṣí i, sílẹ̀: 53! Fàdákà yàtọ̀ ní tirẹ̀; ẹ̀gbà ọwọ́ mi dún tíntín, ó kọ 84. Wúrà kò ní nọ́mbà tirẹ̀, ẹni tó ń wá a gbọ́dọ̀ gbẹ́ etí agolo pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kẹta, 49, 49, 50. Mo yí ká, 49. Mo ń bu iyanrìn ní ẹ̀kúnwọ́ kọjá níwájú orí ẹ̀rọ. Ẹ̀kúnwọ́ kẹrin dún. Mo la ọwọ́, òrùka màmá mi ló wà níbẹ̀, iyanrìn dí inú rẹ̀. Igbe tí mo ké, àwọn apẹja dúró wò mí.

Bátìrì ẹ̀rọ náà kì í tètè kú. Ó wúwo lọ́wọ́ díẹ̀.

Mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní máàkì 2 nínú 5. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni ǹ bá fún ní gbogbo rẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù.