Superloop ní Lọ́ńdọ̀nù: Ọ̀nà Tó Yá, Bọ́ọ̀sì Tó Ti Dàgbà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró ní ibùdókọ̀ West Croydon pẹ̀lú àpótí ńlá méjì, nítorí pé ó ń lọ sílé sí Èkó fún ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á láti fi owó aṣọ ẹbí san owó takisí. Bọ́ọ̀sì pupa kan dé, wọ́n kọ SL7 gàdàgbà síwájú rẹ̀, a fi káàdì kan ẹ̀rọ, a wọlé, ó sì gbé wa gba Wallington, Sutton, Cheam, Worcester Park, New Malden, Kingston àti Teddington títí ó fi já wa sí àárín pápákọ̀ òfurufú Heathrow. £1.75 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ kọ èrò mi nípa ètò Superloop yìí, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀sì ayára etí ìlú, nítorí pé ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ń gbé ní etí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní Croydon, ní Thamesmead, ní Abbey Wood, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kì í ti í sábà gbé ni lọ sí ibi tí a ń lọ gan-an.

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni Sadiq Khan, Méyọ̀ ìlú náà, kéde ètò yìí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí a ti ṣe la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù, àárín ìlú ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dorí kọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ lọ láti etí ìlú kan sí etí ìlú mìíràn sábà máa ń kọ́kọ́ wọ àárín lọ kí ó tó tún jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba ìlú fẹ ààlà ULEZ dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá wa mọ́tò àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ju ìlànà lọ yóò san £12.50 lójúmọ́. A kò lè gba mọ́tò lọ́wọ́ ará etí ìlú kí a má fún un ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Superloop ni ìdáhùn tí wọ́n mú wá: ọ̀nà bọ́ọ̀sì mẹ́wàá, SL1 títí dé SL10, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn so pọ̀ bí òrùka yí ìlú ká, tí wọn kì í sì dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ bí bọ́ọ̀sì yòókù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé mẹ́rin nínú mẹ́wàá náà kì í ṣe ọ̀nà tuntun. SL8, láti White City lọ sí Uxbridge, ni 607 tó ti ń rìn láti ọdún 1990. SL7 ni X26 àtijọ́, SL6 ni X68, SL9 sì ni X140. Wọ́n yí orúkọ wọn padà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023, wọ́n lẹ àmì tuntun mọ́ bọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ lára, wọ́n sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn kan bínú sí èyí nígbà náà, wọ́n ní orúkọ lásán ni wọ́n pààrọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. X26 tí mo mọ̀ kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní wákàtí kan, tí ó bá sì ti fi ìṣẹ́jú kan lọ mọ́ ọ lójú, ìdajì wákàtí nínú òtútù nìyẹn. Nígbà tí ó di SL7, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà náà kò yí padà, àmọ́ ìgbé ayé ẹni tó ń lò ó yí padà, nítorí pé kò di dandan mọ́ kí ènìyàn wo aago kí ó tó kúrò nílé. Ní tèmi, ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo ètò yìí nìyẹn, kò sì ná wọn ní bọ́ọ̀sì aláràbarà kankan.

Owó rẹ̀ náà yẹ ní yíyìn. Bí o bá ti fi káàdì kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo bọ́ọ̀sì mìíràn tí o bá wọ̀ láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Thornton Heath wá sí West Croydon tó sì bọ́ sínú SL7 kí wákàtí náà tó pé, owó kan ṣoṣo ni yóò san dé Heathrow, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line láti àárín ìlú lọ sí ibẹ̀ ju £10 lọ. Fún ìdílé tó ní ọmọ mẹ́ta, tó sì ń lọ sílé fún ọdún Kérésì, ìyàtọ̀ náà pọ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san ohunkóhun nínú bọ́ọ̀sì.

SL3 ni mo máa ń lò jù, nítorí Thamesmead ni mo ń gbé. Ìlú wa kò ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀. Abbey Wood ni a máa ń lọ, Elizabeth line sì ti ń rìn láti ibẹ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún 2022. Àmọ́ àárín ìlú ni ìyẹn ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ìbátan rẹ̀ ní Bromley kò rí bọ́ọ̀sì tààrà kan títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí SL3 bẹ̀rẹ̀ láti Thamesmead, gba Abbey Wood, Bexleyheath, Sidcup àti Chislehurst, dé Bromley North. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ tí mo ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé èyí ń dé Bromley láìsọ̀kalẹ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ẹ jókòó ṣánṣán." Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ti máa ń wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan tí ètò ọkọ̀ wà fún nìyẹn.

SL6 ni mo fún ní máàkì tó kéré jù. Àárọ̀ nìkan ló ń gbé èrò láti West Croydon lọ sí Russell Square, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló sì ń gbé wọn padà, ní ọjọ́ Mọ́ńdè sí ọjọ́ Fúráídè. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tiwa tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tó ń ṣọ́ ilé lóru, ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n yẹ ní ẹni tí à ń rò mọ́ ètò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rò pé iṣẹ́ kù. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìlú, TfL, kọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ ń rí lójú títì. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń du ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbà á sì máa ń ní àdéhùn ọdún 5 sí 7. Bí àdéhùn tuntun bá mú bọ́ọ̀sì tuntun wá sí ọ̀nà kan, bọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣí lọ sí ọ̀nà mìíràn, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bọ́ ẹ̀wù fún àbúrò. Kò sí àbùkù nínú èyí. Bọ́ọ̀sì tí a tọ́jú dáadáa lè ṣiṣẹ́ ju ọdún 10 lọ, àti pé kí ọdún 2021 tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àtúnṣe sàlẹ́ńsà àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ Lọ́ńdọ̀nù kí èéfín wọn lè bá Euro VI, ìlànà Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀, mu. Ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi dá bọ́ọ̀sì lẹ́jọ́. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, iṣẹ́ wo ni a gbé lé e lọ́wọ́?

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Tòkúnbọ̀ ni, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ tù ni lára. Láàárín ìgboro Èkó, kò sí ohun tó ṣe é, nítorí pé ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń lọ. Nígbà tí a dé ojú títì márosẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, a sì dúró sẹ́bàá ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, tèmi ti ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nítòsí mi. Kì í ṣe pé bọ́ọ̀sì náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Bọ́ọ̀sì ayára kì í dúró pẹ́, eré rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn, tí ọ̀kan bá sì kọṣẹ́, èrò tó ń dúró ní ibùdókọ̀ kò ní bọ́ọ̀sì mìíràn tí yóò gbé wọn lọ ní tààrà.

Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ mọ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n mú àwọn bọ́ọ̀sì gígùn oníràkọ̀rọ̀, tí wọ́n so méjì pọ̀ ní àárín, kúrò nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2011, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí erékùṣù Malta. Ilẹ̀ gbígbóná, ọ̀nà tóóró, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, lẹ́yìn tí mélòó kan nínú wọn gbiná, ìjọba ibẹ̀ dá gbogbo wọn dúró.

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Bí Superloop bá jẹ́ orí ètò bọ́ọ̀sì etí ìlú, òun ló yẹ kí ó kọ́kọ́ máa gba bọ́ọ̀sì tuntun, pàápàá SL7 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 38 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí bọ́ọ̀sì tó ti dàgbà máa lọ sí àwọn ọ̀nà kúkúrú tí gáréèjì kò jìnnà sí, sí ọ̀nà àwọn ọmọ ilé-ìwé, tàbí kí ó wà ní ìpamọ́ fún ọjọ́ tí òmíràn bá kọṣẹ́. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì oníbátìrì ní ìṣòro tirẹ̀ lórí ọ̀nà gígùn, nítorí pé iná tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná nígbà òtútù ń jẹ bátìrì, bọ́ọ̀sì kan sì máa ń lọ, á bọ̀, nígbà mélòó kan lójúmọ́. Síbẹ̀, ojútùú wà nílẹ̀. Ọ̀nà 132, láti Bexleyheath lọ sí North Greenwich, ní ẹ̀rọ tó ń ti òkè gbé iná sínú bọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tó bá dé òpin ìrìn. Bexleyheath kan náà ni SL3 ń gbà kọjá. Bọ́ọ̀sì tí kì í tú èéfín ti ju 2,000 lọ nínú bí 8,700 tó wà ní ìlú náà, wọ́n sì ti ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ yóò rí bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ọdún 2034. SL4, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ odò Silvertown, ló parí ọ̀nà mẹ́wàá àkọ́kọ́ náà. Ó yẹ kí wọ́n wá fi iwájú sípò iwájú báyìí.

Ohun kan tún kù tí bọ́ọ̀sì tuntun kò lè ṣe: kò lè fò kọjá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ìdí tí BRT Èkó fi yá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré là sọ́tọ̀ fún un. SL7 àti SL3 ń bá mọ́tò gbogbo ayé dú ojú títì ní ọ̀pọ̀ ibi. TfL ti ṣèlérí ní ọdún 2022 pé àwọn yóò fi kìlómítà 25 kún ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Etí ìlú ni mo fẹ́ kí púpọ̀ nínú irú rẹ̀ wà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù lọ sí Heathrow: bọ́ọ̀sì ìlú ni SL7, nítorí náà ẹ má ṣe kó ju àpótí tí ọwọ́ yín lè gbé lọ. Àyè tó wà nísàlẹ̀ gbà á, àmọ́ bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara bá wọlé, òun ló ni ibẹ̀, ẹ sì ní láti sún àpótí yín kúrò. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún ìrìn náà láti Croydon. Ibi tó ń já ni sí wà fún Terminal 2 àti 3. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá wà ní Terminal 4 tàbí 5, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin láàárín pápákọ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni.