Ẹ̀wọ̀n Rọ́bà Tàbí Ẹ̀wọ̀n Ike Líle fún Táǹkì Ogun Kékeré

Lára àwòṣe táǹkì ogun oníke tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/72 (ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ti táǹkì gidi), níbi tí ara Tiger I ilẹ̀ Jámánì kò ti ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ ní gígùn, ẹ̀wọ̀n tó yí táyà rẹ̀ ká ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ.

Odindi ni ẹ̀wọ̀n rọ́bà máa ń wà. Kò ju kí a so orí mọ́ ìdí lọ, a sì lè kun táyà lọ́dà tán pátápátá kí a tó gbé e wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ ike kì í sábà mú un, ọ̀dà a sì máa bó níbi tó bá ti tẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó máa ń nà gbọnrangandan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n Tiger gidi wúwo, ó sì máa ń rọ̀ sílẹ̀ lé táyà lórí.

Ìdí nìyí tí mo fi yan ike líle fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: apá gígùn fún òkè àti ìsàlẹ̀, ìjá kéékèèké fún ibi tó yípo. Ó gba sùúrù gidigidi. Mo máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, n ó dúró títí gọ́ọ̀mù yóò fi mú wọn ṣùgbọ́n tí kò tíì le, n ó wá rọra tẹ̀ wọ́n yí táyà ká, n ó sì fi fóòmù tẹ òkè rẹ̀ wálẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Fún Sherman ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí róólà kéékèèké gbé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dúró lókè, rọ́bà tó.